Ẹṣin Tó Gbọ́ Yorùbá ní Énúgu

Bí ẹ bá pàdé mi ní Ìbàdàn báyìí, tí ẹ rí i pé mò ń ya ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tí eéwo yọ sí nítan, ẹ má kí mi kú àìsàn. Ẹṣin ni mo gùn. Èmi Fẹ́hìntọ́lá, opó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ yín ní á-bí-dí, mo gun ẹṣin ní Énúgu, n kò sì jábọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti bi mí bóyá àwọn ará ibẹ̀ kò pa mí jẹ, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìtàn kan ló gbé mi dé ọ̀hún. Mo kọ ìtàn àròsọ kan nípa ọkùnrin kan tó fi ẹṣin rẹ̀ díje lórí pápá, mo sì gbé e lọ fún ọ̀gbẹ́ni tí ó ń bá wa tẹ ìwé. Ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún.

Ó ní, "Ẹ dákun, mà, ṣé ẹ ti sún mọ́ ẹṣin rí?"

Mo ní mo ti rí i ní pápá eléré ẹṣin.

Ó ní, "Nínú ìwé yín, ẹṣin yìí sáré láti àárọ̀ di ọ̀sán. Kò mumi, kò làágùn. Nígbà tó gbégbá orókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mà, ẹṣin kì í rẹ́rìn-ín músẹ́."

Ojú tì mí dé ilé. Òótọ́ ni pé mo ti lọ sí pápá eléré ẹṣin rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọgbà ni mo dúró sí. Eruku ni mo rí, àti ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ibi tí wọ́n so àwọn ẹṣin mọ́, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní àwọn olóúnjẹ kì í wọlé. Ìwé àti gègé ló wà lọ́wọ́ mi o, ó pè mí ní olóúnjẹ.

Inú ìbànújẹ́ yìí ni mo wà tí lẹ́tà àbúrò mi fi dé. Délé ni orúkọ rẹ̀, akọ̀wé rélùwéè ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sí Énúgu lọ́dún tí ogun parí yìí. Ó kọ ọ́ pé ní Uwani tí òun ń gbé, bàbá àgbà kan wà ní ẹ̀yìn ilé òun tí ó ní ẹṣin méjì, tí ó sì ń múra sílẹ̀ fún eré ẹṣin tí wọ́n fẹ́ sá ní ìlú náà, èyí àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ogun ti dákẹ́. "Àǹtí mi, ẹ máa bọ̀," ló wí. "Bàbá yìí kò ní lé yín. Ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹṣin lẹ́nu òun gan-an ló ń wá kiri."

Mo di ẹrù mi.

Afárá

N kò ní sọ ti ọkọ̀ tó bàjẹ́ àti ti ọkọ̀ tí kò bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti afárá Odò Ọya. Ogun ti já afárá náà, wọ́n sì ti fi irin so ó pọ̀ kí ọkọ̀ lè máa rọra kọjá. Láti Bẹ̀nì ni gbogbo wa ti ń pariwo nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ń ta, èèpo ẹ̀pà ń fò. Bí táyà ti gun irin yẹn, kẹ́kẹ́ pa. Obìnrin Ìgbò kan jókòó tì mí. Kò gbọ́ Yorùbá, n kò gbọ́ Ìgbò. Ó ṣáà nawọ́, ó di ọwọ́ mi mú. Irin ń dún lábẹ́ wa, odò ń lọ nísàlẹ̀ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí táyà kan ilẹ̀ ní òdìkejì, ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó mú ọsàn kan jáde nínú àpò, ó bó o, ó sì pín in sí méjì. Adùn ọsàn yẹn ṣì wà lẹ́nu mi.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Énúgu. Orí òkè ni ọ̀nà gbà wọlé, ó ń lọ́ bí ejò, ilẹ̀ pupa lápá ọ̀tún, ọ̀gbun lápá òsì. Lójijì ni ìlú yọ nísàlẹ̀ tòun ti òrùlé páànù àti èéfín ìdáná. N kò ní purọ́ fún yín, ihò ọta ìbọn wà lára ògiri, ilé mìíràn kò sì lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí etí mi kọ́kọ́ gbọ́ ni òòlù. Níbi gbogbo, kò, kò, kò. Ẹni tó ń kan fèrèsé, ẹni tó ń kan àga, ẹni tó ń tẹ́ páànù tí ó ti ká jọ. Ìlú náà ń kan ara rẹ̀ padà.

Ngbàtí

Ní ọjọ́ kejì, Délé mú mi lọ sí ọjà Kenyatta. Bí mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ ni obìnrin kan yí ojú padà nídìí àtẹ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ké sí ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ngbàtí!" Ẹnì kejì náà sì ké sí ẹni kẹta. Mo bi Délé pé kí ni mo ṣe. Ó ní orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa nìyẹn, nítorí pé Yorùbá kì í sọ gbólóhùn mẹ́ta kí ó má sọ pé "ngbà tí". Mo fẹ́ bínú. Mo wá la ẹnu láti bá a jiyàn, mo ní, "Ngbà tí wọ́n…" Ara mi ni mo fi rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà fún mi ní ọkpá kan, ó ní kí n jẹ ẹ́ kí n tó sọ ohunkóhun. Ọkpá jọ ọ̀lẹ̀lẹ̀: ìyẹ̀fun ni wọ́n fi epo pupa pò, tí wọ́n dì, tí wọ́n sì sè. Ó ki ju ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ, ó sì ń gbóná dé àyà. Mo jẹ ọ̀kan, mo nawọ́ gba èkejì. Ó fi Pijin bi mí bóyá òótọ́ ni pé epo nìkan ló wà nínú ọbẹ̀ wa. Mo ní òótọ́ ni, pé a tilẹ̀ ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yọ ní igun ọjà, yóò ti ké pé, "Ngbàtí, nnọọ!" Nnọọ ni wọ́n fi ń kí ènìyàn káàbọ̀. N kò rí ìlú tí wọ́n ti kí mi káàbọ̀ lójoojúmọ́ rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Àṣàkẹ́

Ohun tí mo bá lọ, ohùn ló kọ́kọ́ mú mi débẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan, mo ń fọ ẹnu lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń fi Yorùbá Ìlọrin bá ènìyàn wí ní òdìkejì ọgbà.

"Dúró ńbẹ̀! Ẹsẹ̀ rẹ dà? Gbé e wá. Rọra. Rọra o! Ó tó."

Inú mi dùn, mo ní ará ilé rè é. Mo so ìró mi le, mo yí ọgbà po, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Bàbá gíga kan, tín-ín-rín, irun rẹ̀ funfun bí òwú, gbé ojú sókè. Ó di pátákò ẹṣin pupa kan mú lórí eékún rẹ̀, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ kejì. Ó wò mí títí. Ó wá fi Pijin sọ pé, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, n kò gbọ́ Yorùbá."

Mo ní, "Èwo ni ẹ ń sọ láti àárọ̀?"

Ó ní, "Ẹṣin ló gbọ́ ọ."

Bàbá Okoye nìyẹn, ẹlẹ́ṣin méjì tí Délé kọ̀wé nípa rẹ̀. Bí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, tí mo sì gbọ́ ìtàn tí n kò lè fi ọgbọ́n orí mi hun.

Kí ogun tó dé, ará Ìlọrin kan tó ń jẹ́ Sùlú ń gbé Uwani, ó ń ra ẹṣin láti Òkè Ọya wá, ó sì ń fi wọ́n sáré. Okoye ni ó ń bá a tọ́jú wọn. Nígbà tí ìlú gbóná, tí àwọn àlejò ń sá lọ, Sùlú ti ta gbogbo ẹṣin rẹ̀ àfi abo pupa kan tí ó ń pè ní Àṣàkẹ́. Kò rí ọ̀nà mú un lọ. Ó fi okùn ẹṣin náà lé Okoye lọ́wọ́, ó ní, "Bá mi dì í mú. Mò ń bọ̀." Ó sì wọ ọkọ̀.

Okoye dì í mú fún ọdún mẹ́ta gbáko. Nígbà tí ìbọn sún mọ́ tòsí, ó fi ẹsẹ̀ fa Àṣàkẹ́ lọ sí abúlé ìyàwó rẹ̀ láàárín àwọn òkè Udi. Bí àwọn ológun bá ń bọ̀, ìbáà jẹ́ ti ìhín ìbáà jẹ́ ti ọ̀hún, yóò fi eérú àti epo kun ẹṣin náà lára títí tí yóò fi dà bí ẹran tí ìfo bò, wọn yóò sì fa ojú ro. Ebi wọlé, àwọn kan sì ń wo Àṣàkẹ́ bí ẹni ń wo ìkòkò ọbẹ̀. Okoye di apẹ̀rẹ̀ méjì mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ní kí àwọn obìnrin abúlé máa fi kó ẹ̀gẹ́ láti oko ọ̀nà jíjìn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé mọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá dárúkọ ẹran ẹṣin, àwọn obìnrin ni yóò kọ́kọ́ dá sẹ̀ríà fún un. Ọ̀nà oúnjẹ wọn ni ẹṣin náà di.

Mo bi í pé èé ṣe tí kò fi Ìgbò bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí wá.

Ó ní, "Bí ẹni tó ni ín bá dé, tí ó sọ̀rọ̀ tí ẹṣin kò gbọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀kọ́

Ẹṣin kejì ni èyí tó fẹ́ sá eré. Akọ ni, ọmọ Àṣàkẹ́ ni. Oyún rẹ̀ ti wà nínú nígbà tí Sùlú lọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Inú òjò ni wọ́n bí i, lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀gẹ́. Okoye àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ńkẹ́chi, ni wọ́n jọ fà á jáde. Wọ́n sọ ọ́ ní Ndídi, èyí tí í ṣe sùúrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sùúrù rárá. Ó já fìlà gbà lórí Délé ní ọjọ́ tí a lọ kí i, ó sì jẹ etí fìlà náà kan.

Ẹni tí yóò gùn ún ni Lọ́rẹ́ńsì, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀, tí ó ti gun ẹṣin eléré rí kí ogun tó dé. Ohun kan ṣoṣo ni Lọ́rẹ́ńsì bi mí: "Màdáámù, nínú ìwé yín, báwo ni ẹlẹ́ṣin ṣe jókòó?"

Mo ní ó jókòó lórí gàárì, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ, ó ń fi pàṣán na ẹṣin.

Ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Ẹlẹ́ṣin yín ti ṣubú." Ó ní ẹlẹ́ṣin eléré kì í jókòó, ó ń lóṣòó ni, lórí irin tí a ki ẹsẹ̀ bọ̀, ìdí rẹ̀ lókè, àyà rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ní kí n dán an wò lórí àpótí. Mo lóṣòó. N kò tíì ka ogójì tí itan mi fi ń gbọ̀n bí ewé. Ó ní pàṣán kì í ṣe fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá na ẹṣin níbẹ̀rẹ̀ ti ná èémí rẹ̀ tán. Ó ní etí ni ẹṣin fi ń sọ̀rọ̀: bí ó bá nà án síwájú, ọ̀nà ló ń wò, bí ó bá yí i sẹ́yìn, ìwọ ló ń gbọ́, bí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí, kúrò níbẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Mo kọ òórùn wọn pẹ̀lú, tí ó jọ ti koríko gbígbẹ àti ti aṣọ tí òjò pa.

Bàbá Okoye wo ìwé tí mo ń kọ, ó mi orí. Ó ní, "Ìwé kò gùn ún rí. Ẹ wá."

Báyìí ni mo ṣe wọ ṣòkòtò Délé sábẹ́ ìró mi, tí àwọn mẹ́ta sì gbé mi lé Àṣàkẹ́. Gbogbo àdúgbò jáde. Ẹni tó ń ta ọkpá gbé àtẹ rẹ̀ wá. Mo ti rò pé ẹ̀yìn ẹṣin dà bí àga. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn jókòó lórí òrùlé, tí òrùlé náà ń mí. Mo ké Jésù. Okoye di ìjánu mú, ó ń wí pé, "Rọra, rọra," n kò sì mọ̀ bóyá èmi ni ó ń sọ fún tàbí Àṣàkẹ́. Nígbà tí a yí pápá kékeré yẹn po lẹ́ẹ̀kejì, mo la ojú. Mo rí orí òrùlé gbogbo Uwani, mo rí òkè, mo rí àbúrò mi tó ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Mo ní kí wọ́n tún un yí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́tà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá náà ń gbé kiri tí n kò mọ̀. Láti ìgbà tí ogun ti parí ni ó ti fẹ́ kọ̀wé sí Sùlú, bí Sùlú bá ṣì wà láyé. Sùlú kò mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ rẹ̀ kan ló lè ka Yorùbá fún un. Okoye kò sì rí ẹni bá a kọ ọ́, ojú sì ń tì í láti bẹ Délé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí mo wá dé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ẹmu ti ń gbà á nímọ̀ràn mìíràn. Wọ́n ní, "Ẹyọ kan ló fi sílẹ̀. Dá ẹyọ kan padà fún un. Kò mọ̀ pé èkejì wà."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ó ké sí mi, ó gbé àga fún mi, ó gbé tábìlì, ó sì fún mi ní bébà. Ìyá Ńkẹ́chi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gé ábáchà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sè tí wọ́n sì rẹ́ wẹ́wẹ́. Bàbá náà ń sọ ọ́ ní Pijin, mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá: pé òun kí i, pé òun kò kú, pé ilé tó ń gbé ti wó ṣùgbọ́n igi máńgòrò iwájú rẹ̀ ṣì ń so, pé Àṣàkẹ́ wà láàyè, ara rẹ̀ dá.

Ó yíjú sí ọgbà. Mo gbé gègé dúró.

Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí Ndídi nínú ọgbà. Lọ́rẹ́ńsì ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ìhà rẹ̀, oòrùn sì ń dán lára rẹ̀ bí idẹ. Èmi náà tí kì í ṣe tèmi, n kò fẹ́ kó lọ. Ìyá Ńkẹ́chi ti dáwọ́ dúró. Ó sọ gbólóhùn kan ní Ìgbò, kò pariwo, kò sì wo ọkọ rẹ̀.

Mo bi bàbá pé, "Kí ni wọ́n wí?"

Ó ní, "Ó ní òjò pa òun ní alẹ́ tí a bí i. Ó ní òun kò fẹ́ kí òjò yẹn di òjò olè." Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n jẹ́ méjì."

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́ kíákíá, Màdáámù, kí n tó yí ọkàn padà."

Mo kọ ọ́ kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí tàdáwà fi ta sí aṣọ mi. Délé fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá, a kò rí èsì.

Pápá

Ọjọ́ Sátidé ni eré, ní pápá tí àwọn òyìnbó ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí ẹṣin látijọ́. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ti Independence Layout wá tàwọn ti fìlà wọn, àwọn awakùsà èédú wá, sójà wá, àwọn obìnrin gbé ẹ̀pà àti ọsàn. Aṣọ tí ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ ti rí ọjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ̀ ọ́. Mo rí bàbá kan tí ó wọ kóòtù tí kò ní apá kan, tí ó sì fi òdòdó há a ní àyà.

Ẹṣin mẹ́fà ni. Ọ̀gbẹ́ni tó ń darí eré mú ìbọn kékeré jáde láti fi tú wọn sílẹ̀. Bàbá Okoye sáré bá a.

Ó ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá yin ìbọn ní ìlú yìí lónìí, àwọn òǹwòran ni yóò kọ́kọ́ sáré. Wọ́n á sì borí gbogbo ẹṣin."

Ẹ̀rín bú. Ó lọ láti ẹnu dé ẹnu yí pápá ká, àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú wọn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan. Ọ̀gbẹ́ni náà fi ìbọn sápò, ó yọ áńkáṣíìfù funfun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn mi ti tẹ́lẹ̀, ẹ dárí jì mí. Eré ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo gbọ́ ọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ létí. Wọ́n wá kọjá níwájú mi, àwọ̀ dúdú, pupa, eérú, èémí wọn ń dún bí ewìrì alágbẹ̀dẹ, òkúta wẹ́wẹ́ ń ta bà wá, wọ́n sì ti lọ. Mo gbàgbé gègé. Mo gbàgbé ìwé. Ìgbà méjì ni wọ́n máa yí po. Ní àkọ́kọ́, Ndídi wà ní ipò kẹrin. Lọ́rẹ́ńsì lóṣòó lórí rẹ̀ bí ológbò, kò fọwọ́ kan pàṣán. Ní igun tó kẹ́yìn ló tẹ̀ síwájú, ó sọ ohun kan sí i létí, Ndídi sì nà gbọọrọ. Ó kọjá ẹnì kan. Ó kọjá ẹnì kejì. Ó ku òun àti ẹṣin dúdú ọ̀gá sójà kan, imú sí imú, wọ́n kọjú sí wa bọ̀. Mo ń ké. Délé ń ké. Ìyá Ńkẹ́chi ti gun orí àpótí. Ndídi fi orí kan yọ.

Ohùn kan bú jáde lẹ́yìn mi, ohùn Ìlọrin, ó ta bí agogo: "Dúró! Dúró ńbẹ̀! Ẹ jẹ́ n kọjá!"

Mo rí i tí etí Ndídi yí sẹ́yìn, lẹ́yìn náà sí ọ̀dọ̀ wa. Ó gbé orí sókè. Ó dúró. Ẹ̀yin ará mi, ìbúra ni mo fi ń sọ ọ́, ó dúró gbọn-in láàárín eré, Lọ́rẹ́ńsì sì fò dé ọrùn rẹ̀. Ẹṣin dúdú kọjá bí afẹ́fẹ́. Díẹ̀ ló kù kí ẹlòmíràn tún kọjá, àfi bí Lọ́rẹ́ńsì ti fẹsẹ̀ ta á kí ó tó rántí pé eré ni àwọn ń sá. Ipò kejì ló gbà.

Mo yí padà. Bàbá kékeré kan, fìlà rẹ̀ kún fún eruku ọ̀nà, àpò rẹ̀ ní èjìká, ó ń ti ọkùnrin kan tó dí i lọ́nà.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Sùlú?"

Ó ní, "Èmi ni. Ta ló mọ̀ mí níhìn-ín? Láti gáréèjì ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní Okoye wà ní pápá."

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹṣin yín dúró ni."

Rọra

Okoye ti ń bọ̀ láàárín èrò, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń bèèrè ẹni tó pariwo. Èrò pínyà níwájú rẹ̀. Ó rí i.

Àwọn méjèèjì ti jọ gbé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní Pijin, wọ́n ní Ìgbò díẹ̀ láàárín ara wọn. Kò sí èyí tó bọ́ sí Okoye lẹ́nu nínú wọn. Ó di ọwọ́ Sùlú méjèèjì mú, ó la ẹnu, gbogbo Yorùbá tó mọ̀ láyé rẹ̀ sì ń tú jáde. "Dúró," ó wí. "Dúró ńbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ dà? Rọra. Rọra. Ó tó. Ó tó."

Sùlú bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já sí ẹkún ní àárín. "Mo dúró," ó ń wí. "Okoye, mo dúró." Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé ojú mi kò dára mọ́.

A kò gbé ife kankan lọ sílé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ariwo ilé Okoye ní ìrọ̀lẹ́ yẹn yóò rò pé a gbé mẹ́wàá. Sùlú fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa adìyẹ, Ìyá Ńkẹ́chi sì sè é. Nígbà tí a jẹun tán, Okoye fa okùn méjì wá, ó fi wọ́n lé e lọ́wọ́.

Sùlú ní, "Ẹyọ kan ni mo fi sílẹ̀. Ẹyọ kan ni mo wá wò."

Okoye ní, "Oyún náà, tìrẹ ni."

"Mi ò mọ̀ pé oyún wà. Ohun tí ènìyàn kò mọ̀ pé òun ní, báwo ló ṣe lè sọnù lọ́wọ́ rẹ̀?" Ó kọjú sí mi. "Ìyá Tísà, ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà yẹn, àbí? Ọmọ mi kà á dé ibi tí ẹ kọ pé wọ́n jẹ́ méjì. Mo ní kó tún un kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní ẹni tó lè kọ irú èyí sí mi, lẹ́tà kọ́ ni n ó fi dá a lóhùn. Mo wọ ọkọ̀."

Wọ́n jà sí ọ̀rọ̀ okùn yẹn fún bíi wákàtí kan. Èyí ń tì í sí ọ̀hún, ọ̀hún ń tì í padà. Ìyá Ńkẹ́chi ló gba okùn méjèèjì lọ́wọ́ wọn níkẹyìn, ó lọ so wọ́n mọ́ igi kan náà, ó sì sọ fún Sùlú pé yàrá kan ṣófo ní ẹ̀yìn ilé, kó lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo ń kúrò ní Énúgu lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ó ṣì wà ní yàrá náà, ó sì ti ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n kó àwọn aṣọ rẹ̀ wá. Ó gbà mí nímọ̀ràn pé nínú ìwé mi, kí n jẹ́ kí Ndídi gba ipò kìn-ín-ní. Lọ́rẹ́ńsì ní kí n má ṣe purọ́.

Òwúrọ̀ ni mo lọ dágbére. Ìyá Ńkẹ́chi di ọkpá mẹ́fà fún mi, ó gbóná débi pé mo ń fi ìborùn gbé e. Nínú ọgbà, àwọn bàbá méjèèjì dúró ní ẹ̀gbẹ́ Àṣàkẹ́, garawa omi kan wà láàárín wọn, ìjà sì ń lọ. Sùlú ní omi ni ẹṣin yẹ kó kọ́kọ́ mu kó tó jẹ èèpo ọkà bàbà. Okoye ní ọdún mẹ́ta ni òun fi fún un ní èèpo bàbà ṣáájú omi, ṣé ó kú? Yorùbá ń lọ, Ìgbò ń bọ̀, Pijin ń la àárín wọn kọjá. Mo ní bóyá kí n bá wọn túmọ̀ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì gbé ọwọ́ sókè sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. "Rárá o, Màdáámù," Okoye wí, "a gbọ́ ara wa."

Mo kí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti padà sídìí ìjà wọn. Mo gbé ọkpá mi, mo jáde sí ojú títì. Àṣàkẹ́ ti ki orí bọ inú garawa, ó ń mu ún, kò dúró de èyíkéyìí nínú wọn.